Ìyá Mi Gba Lọ́ńdọ̀nù Wá

Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bàálù kì í lò ju wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni àbúrò mi, Bùkọ́lá, ń gbé. Láti Èkó sí Kálígàrì ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí èmi ń gbé, kò sí bàálù kankan tó ń lọ tààrà. Ohun tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi kò ju ìyẹn lọ, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di àjèjì sí ara wa.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà. Ọmọ Ìlobù ni bàbá wa, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá wa, iṣẹ́ tíṣà ni àwọn méjèèjì sì fi tọ́ wa. Ilé wa ní Ìlobù kò jìnnà sí Ìfọ́n rárá. Bí èèyàn bá fi ẹ̀bà gbígbóná sílẹ̀ lórí tábìlì, tó sáré lọ kí àwọn ẹbí ìyá mi, yóò bá ẹ̀bà náà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tó bá padà dé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ìlú méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá rọlẹ̀, a máa ń lọ sí Ìfọ́n, a ó jẹ, a ó mu, wọ́n á di ẹrù fún wa bọ̀. Nígbà tó bá gbóná, Bàbá á ní kí ẹnikẹ́ni má jáde nílé, Màmá á sì lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí nílé ẹ̀kọ́ pé níbo ni ìyá mi ti wá, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ kí n tó dáhùn.

Bàbá wa ti kú kí èmi àti ọkọ mi tó kúrò nílé. Bùkọ́lá ló kọ́kọ́ lọ, òun àti ọkọ rẹ̀ gba Lọ́ńdọ̀nù. Àwa gba Kánádà nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún wa.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Kálígàrì kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ni. Ní Ìlobù, kí n tó la ojú ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀, ẹni tó ti wá yá àdá. Ní ilé tí a gbà ní Kálígàrì, n kò mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa. Lọ́jọ́ kan mo pàdé obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn. Mo kí i, mo béèrè àlàáfíà rẹ̀, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀, mo tún fẹ́ béèrè iṣẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra yà fún mi kí n kọjá. Látìgbà náà ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Gbólóhùn kan tó, kí kálukú máa bá tiẹ̀ lọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìwé nílé wá di ẹni tó ń wẹ̀ fún ìyá oníyàá, tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún bàbá oníbàbá. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé nínú ìlú náà gan-an, tí kì í sì í wá wò ó. Mo máa ń bínú sí ọmọ yẹn bí ẹni tó fi ìyà jẹ mí. Ó ní ìyá ní ibi tí bọ́ọ̀sì ń dé, ó sì ń fi ṣòfò.

Bùkọ́lá tètè bímọ. Èmi tí mo ṣe ìgbéyàwó ṣáájú rẹ̀, n kò bí. Nígbà tí ó bí Tómi, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá gba físà, wọ́n lọ bá a wẹ ọmọ. Nígbà tí ó bí èkejì, wọ́n tún lọ. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹta, wọn kò tilẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ń lọ mọ́. Mo kàn pe nọ́ńbà wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bùkọ́lá ló gbé e.

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ wa mọ́tò lórí yìnyín láti ilé dé ibi iṣẹ́, tí mo sì wà á padà délé láìfarapa. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rù ọ̀nà náà ti ń bà mí. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi gbé fóònù, kí n lè sọ ọ́ fún Màmá. Bùkọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Ó gbé fóònù lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo rí ìyá mi lórí àpótí kékeré nínú balùwẹ̀ Bùkọ́lá, wọ́n ká aṣọ sí orúnkún, wọ́n ń na apá ọmọ náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Mo rí ìgò òrí wọn lójú fèrèsé. Mo rí ìró wọn tí wọ́n sá sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Gbogbo nǹkan wọn ti mọ ibi tó yẹ kí ó wà nínú ilé Bùkọ́lá. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí wọn, mo kí ìkókó. N kò rántí sọ ti mọ́tò mọ́. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, mo jókòó pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ títí ọkọ mi fi dé.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jowú ọmọ ìyá mi nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ tó bí nìkan ni mo ń jowú. Bí ó bá ti rí ìsinmi díẹ̀ níbi iṣẹ́, ó lè jẹun àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì sùn sí Èkó lọ́jọ́ kan náà. Á fi àwòrán ránṣẹ́ láti iwájú ilé wa, Màmá á dúró tì í, ẹ̀rín á gba gbogbo ojú wọn. Àwọn ará Ìlobù tó bá pè mí á ní àwọn rí àbúrò mi, pé èmi ńkọ́, pé ṣé mo ti gbàgbé ilé ni. Kí n tó lè lọ, mo ní láti gba ìsinmi tó gùn, kí n wọ bàálù méjì tàbí mẹ́ta, kí n sun orí àga ní pápákọ̀ òfurufú ibòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì lọ. Màmá pàápàá ti ń sọ pé, "Nílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù." Èmi tí mo ń sanwó ilé ní Kálígàrì, n kò tíì sọ pé ilé wa ni rí.

Ojú ìwé kan wà lórí fóònù tí mo wá sọ di ọ̀rẹ́. Èèyàn á kọ orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjì sí i, ojú ìwé náà á sì sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó àti bí bàálù yóò ṣe pẹ́ tó. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà. Èkó sí Kálígàrì, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ó ní wákàtí mẹ́rìnlá péré ni yóò gbà, ó sì fa ìlà kan láti ọ̀kan dé èkejì, ìlà náà gba orí aginjù àti òkun kọjá láìdúró níbikíbi. Kò sí bàálù tó ń gba ọ̀nà yẹn. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ìlà náà nígbà tí mo bá ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, mo máa ń rò ó pé bí Màmá bá wọ̀ ọ́ ní àárọ̀, ọjọ́ kan náà ni wọn ì bá dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi ní kí n yé wò ó, pé ó ń bà mí nínú jẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. N kò yé wò ó.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo lóyún. Nígbà tí mo sọ fún Màmá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà á tán, mo béèrè bóyá wọ́n máa wá wẹ ọmọ mi. Wọ́n ní ta ni yóò wẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe àwọn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo sọ fún ìyá arúgbó tí mo ń tọ́jú níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà kan ní Òṣogbo yẹ̀ wọ́n wò, ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú bàálù, pé ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ wọn. Ó ní ibi tí bàálù ń dé ní wákàtí mẹ́fà sí méje, bí wọ́n bá ń dìde rìn, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ọjọ́ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun kò lè fọwọ́ sí i. Màmá fúnra wọn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí fóònù, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò rọ̀ mí lára.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ yín kò ṣe nǹkan kan nígbà tí ẹ lọ sọ́dọ̀ Bùkọ́lá lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn wọn, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń kí wọn láti ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dáhùn pẹ̀lú ohùn kékeré. Wọ́n wá ní kí n lọ sinmi.

Bùkọ́lá ló rí ojútùú. Ó pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí Màmá wá sọ́dọ̀ mi ná. Kí wọ́n sinmi, kí ẹsẹ̀ wọn rọlẹ̀, kí n wá gbé wọn sínú bàálù tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Ó ní bàálù kan wà láti Lọ́ńdọ̀nù tó ń dé Kálígàrì tààrà ní bí wákàtí mẹ́sàn-án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé òun ló rí i. Gbogbo oṣù tí mo fi ń wo ìlà tí kò sí, n kò ronú pé wọ́n lè sinmi lójú ọ̀nà, nítorí pé ilé Bùkọ́lá ni ibi ìsinmi náà yóò jẹ́, n kò sì fẹ́ kí ìyá mi tún gba ilé rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé tèmi.

Màmá dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ kan ni a ti sọ pé wọ́n máa lò. Ẹsẹ̀ wọn kò rọlẹ̀. Dókítà ibẹ̀ fún wọn ní oògùn, ó ní kí wọ́n ṣì dúró. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ikùn mi ń tóbi sí i, n kò lè rí bàtà ara mi mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé Bùkọ́lá kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo pè wọ́n lórí fídíò, mo rí Màmá lẹ́yìn Bùkọ́lá níbi tí wọ́n ti dúró ti ààrò, wọ́n ń din àkàrà fún àwọn ọmọ.

Mo bi Bùkọ́lá pé ṣé ẹsẹ̀ tó lè dúró ti àkàrà ni kò lè jókòó nínú bàálù.

Ó ní, "Ẹ kú sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì pa fóònù. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dé ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, obìnrin, ó ní iwájú orí Màmá. Nígbà tí a gbé e délé, tó kan ìwẹ̀, mo gbé e, mo dúró ti omi. Èmi tí mo ń wẹ̀ fún àgbàlagbà lójoojúmọ́, n kò mọ bí mo ṣe máa di nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mú nínú omi. Ọkọ mi pe Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé fóònù ka orí ṣẹ́ẹ̀fù ara ògiri. Màmá ń pàṣẹ fún mi láti ibẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ọwọ́ òsì gbé ọrùn rẹ̀. Wọ́n ní omi náà ti gbóná jù, àwọn rí ooru rẹ̀. Wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé ọmọ kì í ṣe ẹyin. Bùkọ́lá ló di fóònù mú lápá ọ̀hún, n kò rí ojú rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìkan ni mo rí ní igun fóònù. Bí ọmọ mi ṣe ń ké nínú omi, àtàǹpàkò yẹn ni mo ń wò, mo ń jowú rẹ̀ pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Nígbà tó yá, dókítà Lọ́ńdọ̀nù gbà pé wọ́n lè lọ, bí ẹnì kan bá máa tẹ̀ lé wọn. Bùkọ́lá gba ìsinmi, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ọkọ rẹ̀, ó gbé Màmá wá.

Mo dúró ní pápákọ̀ òfurufú Kálígàrì pẹ̀lú ọmọ láyà. Wọ́n jáde síta, Màmá lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, Bùkọ́lá ń tì í. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín àwọn èèyàn tó ń fa àpótí kọjá, Màmá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń pe gbogbo orúkọ mi. Nínú mọ́tò ni wọ́n ti ń sọ fún mi bí Bùkọ́lá ṣe gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan ara rẹ̀ láti ìgbà tí bàálù ti gbéra, tó ń fi ọwọ́ pa á títí wọ́n fi balẹ̀, tí kò sùn. Wọ́n rò pé inú mi yóò dùn. Ohun tí mo gbọ́ ni pé Bùkọ́lá tún ti ní wákàtí mẹ́sàn-án sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá wẹ ọmọ mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí nínú balùwẹ̀ wa, wọ́n ká aṣọ sí orúnkún, wọ́n na apá ọmọ náà, wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi omi gbá a nídìí. Mo dúró tì wọ́n. Bùkọ́lá sùn ní pálọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Màmá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, wọ́n ní, "Bùkọ́lá, gbé òrí fún mi."

Mo gbé òrí fún wọn. Wọ́n yíjú, wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n sì rí ojú mi.

Wọ́n ní, "O ń jowú àbúrò rẹ."

Mo ní rárá.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa ẹ̀yìn ọmọ. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bí mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbóná láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n, kò sẹ́ni tó ń lọ, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ìyá wọn wà ní Ìfọ́n, àwọn wà ní Ìlobù pẹ̀lú ìkókó. Obìnrin aládùúgbò wa kan ló wẹ̀ mí. Mo ti ń jókòó kí ìyá àgbà tó gbé mi sọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ìjà máa ń wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì sọ èyí fún mi rí. Wọ́n ní ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n àwọn tó fẹ́ ọkọ sí Ìfọ́n náà wà níbẹ̀, ojúlé kẹta sí ti àwọn òbí wọn, òun náà bímọ, ìyá wọn sì ń wẹ ọmọ tiẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

"Mo jowú rẹ̀," ni Màmá wí. "Nígbà tí ọ̀nà là, tó gbé ọmọ pọ̀n wá kí mi, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí. Ó kàn wà nítòsí ìyá wa ni. Ó kú, mi ò sọ fún un."

Mo béèrè ohun tí wọn ì bá sọ.

"Pé mò ń jowú rẹ̀. Bóyá ì bá fi mí rẹ́rìn-ín."

Wọ́n fi aṣọ wé ọmọ.

Mo lọ sí pálọ̀. Bùkọ́lá ti jí, ó jókòó sórí àga, ó ń wo yìnyín tó bo mọ́tò wa. Mo jókòó tì í. Mo sọ fún un pé mò ń jowú rẹ̀, pé ó ti pẹ́. Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹni tó ń sọ pé ebi ń pa òun. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun rò pé òun kò mọ̀ ni. Ó wá ní nígbà mìíràn, bí Màmá bá ti lo oṣù méjì nílé òun, òun máa ń fẹ́ kí wọ́n tètè lọ, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí òun fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ bó ṣe wu òun, wọ́n sì ti yí gbogbo ìkòkò òun padà. Ó ní òun kò lè sọ irú ẹ̀ fún mi, kí n má bàa sunkún. Ẹ̀rín pa èmi àti òun. Màmá pè wá láti balùwẹ̀ pé ta ló kó tówẹ̀lì àwọn lọ, àwa méjèèjì dìde pọ̀.

Bùkọ́lá kò lè dúró ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ọjọ́ díẹ̀ kún un, ó ní àwọn ọmọ òun ń ké. Mo gbé e lọ sí pápákọ̀ fúnra mi, lórí yìnyín, ó sì ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò mú ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí ó fẹ́ wọlé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi, mo gbé e dìde. Ó gba àárín àwọn èrò wọlé lọ. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ṣì ń jowú rẹ̀, nítorí pé Màmá máa padà gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sílé, òun ni yóò sì sìn wọ́n dé ẹnu bàálù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ kí ó lọ.